Ta Ni Ó Ń Dáná Sábẹ́ Omi Ìkógòsì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó bá dàgbà ní Ṣakí tàbí ní Ìṣẹ́yìn kò lè ṣàì mọ ọyẹ́. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, bí oṣù December bá ti dé, ètè a là, ẹsẹ̀ a sán, omi inú àmù a sì tutù bí yìnyín ní òwúrọ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa kó gbogbo ilé jáde. A gba Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Òṣogbo kọjá, a sùn ní Iléṣà, a sì dé Ìkógòsì ní ilẹ̀ Èkìtì ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, láti wo ìsun omi gbígbóná tí ń ti ẹsẹ̀ òkè jáde.

Ìkùukùu ń gòkè lórí omi náà láàrin igbó. Àbúrò wa tí ó kéré jù ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fò sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi wá pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ta ní ń dáná sábẹ́ rẹ̀?” Ó kù díẹ̀ kí a pa á lẹ́nu mọ́, nítorí a kò mọ èsì. Bàbá wa wò wá, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ dá a lóhùn.” Ojú tì wá. Nígbà tí a padà sí ilé-ẹ̀kọ́, a wá ìdí rẹ̀. Òun náà nìyí.

Kò sí òkè tí ń yọ iná nítòsí ibẹ̀. Òjò ni orísun omi náà. Àpáta òkè Ìkógòsì kún fún pàlàpálá; omi òjò a gba inú wọn wọ ilẹ̀ lọ jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni inú ilẹ̀ ń gbóná sí i bí a ti ń sọ̀kalẹ̀: ní ibi púpọ̀ ní ayé, ooru a fi ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní ibi ìwa-wúrà Mponeng ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó jìn ju kìlómítà 3 lọ, àpáta gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ, tí wọ́n fi ń rọ yìnyín sísàlẹ̀ kí ènìyàn lè ṣiṣẹ́. Omi tí ó ti wà lókè a máa ti èyí tí ó ti gbóná, a sì gba pàlàpálá mìíràn jáde kí ooru rẹ̀ tó tán. Ó tó ìwọ̀n 37 tàbí 38 nígbà tí ó bá yọ, bí ooru ara ènìyàn. Kì í gbóná sí i nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó tutù ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ lára wa.

Ìsun tútù kan wà nítòsí tí ó ṣàn wá pàdé rẹ̀. Omi ti èyí kò wọ ilẹ̀ jìnnà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé aya méjì ọkọ kan ni wọ́n, ọ̀kan onínúfùfù, èkejì onísùúrù. Àwọn ará ìlú ti mọ omi náà kí Àlùfáà John McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, tó dé ibẹ̀ ní 1952.

Ní Òkè-Ògùn tiwa, adágún wà lórí òkè Adó-Àwáyè, ṣùgbọ́n orí àpáta ni omi rẹ̀ dúró sí. Kò bá ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pàdé.

Ẹni tí ó bá kó ọmọdé lọ sí Ìkógòsì nígbà ọyẹ́, kí ó mú aṣọ gbígbẹ lọ́wọ́, kí ó nù wọ́n kíákíá bí wọ́n bá ti jáde nínú omi. Àti àwa tí yóò dúró níwájú ọmọdé láìpẹ́: bí ọmọ bá bi wá ní ohun tí a kò mọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bá a wí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a ó wádìí, kí a sì wádìí ní tòótọ́. A ti kọ̀wé sí àbúrò wa ní Ṣakí.