Ìtàn Àjùmọ̀sọ: Ọ̀fin àti Ìtàn Ìtẹ̀dó Ṣàgámù

Ìfáàrà

Ìtàn àjùmọ̀sọ ni ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀ sọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì láṣẹ láti pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ìtàn àfẹnukò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí iyàn tí ó wà láàrin àwọn apìtàn hàn. Ọ̀fin, ìlú Akárígbò ní Rẹ́mọ, ni àpẹẹrẹ tí àpilẹ̀kọ yìí lò.

Ìlú Mẹ́tàlá

Ní 1872, nígbà ogun, ìlú 13 kó jọ sí ojú kan láti dáàbò bo ara wọn. Báyìí ni Ṣàgámù ṣe di ìlú. Ọ̀fin wà nínú wọn; bẹ́ẹ̀ náà ni Màkún, tí ó ní ọba tirẹ̀, Ewùsì. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀fin bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lè sọ bí àwọn ìlú ṣe rọ̀gbà yí adé kan ká; ẹni tí ó bá ti Màkún bẹ̀rẹ̀ lè pè é ní àdéhùn láàrin ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́.

Ìtàn Níwájú Ìjọba

Ní 1937, ìjọba amúnisìn gbé ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Martindale lórí ipò Akárígbò sí Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 1938, Rẹ́mọ bọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Èrè ńlá ni, ṣùgbọ́n àwùjọ tí ń rojọ́ níwájú àjèjì kì í fẹ́ fi iyàn inú ilé hàn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa gbé ohùn ààfin ga, a sì máa bo ohùn àwọn ìlú kéékèèké àti ti àwọn obìnrin mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà Ìṣiṣẹ́

Nínú àlọ́ àpagbè, àwùjọ ń gbe orin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbe orin kì í ja apàlọ́ níyàn. Ìtàn ìdílé ni àwòkọ́ṣe tí ó dára jù. Bí àgbà kan bá ń sọ ọ́, àgbà mìíràn lè dá a dúró pé, “Kò rí bẹ́ẹ̀.” Gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí olùwádìí kọ sílẹ̀, pẹ̀lú àdúgbò àti agbo ilé tí ó ti wá. Ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti oníkálukú nílé rẹ̀ kí gbogbo wọn tó pàdé, nítorí ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò ja ọba níyàn láàfin.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé báyìí ni òtítọ́ yóò ṣe sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọdún 1872 kò yẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó wà lórí àríyànjiyàn. Ìtàn Ọ̀fin kò di irọ́ nítorí pé Màkún ní tirẹ̀; ohun tí kò lè ṣe ni kí ó dá dúró fún ti ìlú 13. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé.”