Ọtí kíkan ilé Cantillon: èwo ló yẹ ká tètè mu, èwo ló yẹ ká fi pamọ́?

Ẹmu tó bá sùn mọ́jú tó sì kan, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹlẹ́mu tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú Brussels, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìpọntí kékeré kan wà tó jẹ́ pé kíkan yẹn gan-an ló ń tà. Cantillon ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1900 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹbí kan náà ló sì ṣì ń darí rẹ̀.

Ọkà bàálì ìdá 65 àti àlìkámà ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń sè. Bó bá jinná, wọ́n á dà á sínú agbada bàbà fífẹ̀ kan lókè àjà, afẹ́fẹ́ òru á sì máa fẹ́ sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọn kì í fi ìwúkàrà sí i. Ohun tí ojú kò rí nínú afẹ́fẹ́ àti nínú igi àgbá ló ń mú un hó, bí ẹmu ṣe ń hó fúnra rẹ̀ nínú akèrègbè. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n lè pọn ọ́n. Jean Van Roy, ọ̀gá ibẹ̀, ti ń ké pé ayé tó ń móoru ń gé àkókò náà kúrú. Ìdí kan nìyẹn tí ọtí wọn kì í fi í pọ̀.

Gueuze ni ìyá wọn. Ọtí ọdún kan, ọdún méjì àti ọdún mẹ́ta láti inú àgbá ni wọ́n ń pò pọ̀. Ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ló ń fún un ní ìfófòó nínú ìgò, àgbà ibẹ̀ ló ń fún un ní adùn tó jinlẹ̀. Ó lè wà nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó sì máa dára sí i.

Ti Fou'Foune kò rí bẹ́ẹ̀. Èso abrikó, tó fi díẹ̀ tóbi ju ìyeyè wa lọ, ni wọ́n ń rẹ sínú ọtí àgbá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń jáde, àwọn èèyàn sì ń wá a lójú méjèèjì. Òórùn èso yẹn ni wọ́n ń sanwó fún, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Saint-Lamvinus, tí wọ́n fi àjàrà pupa ṣe, le lẹ́nu jù ú lọ, ó sún mọ́ wáìnì. Bí ẹ bá bi mí, òun ni mo fara mọ́ ju Fou'Foune lọ fún ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ ẹlẹ́ran tì í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa oníṣòwò rèé. Àwọn kan ń ra Fou'Foune, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí owó rẹ̀ lè gòkè. Owó náà ń gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abrikó inú rẹ̀ ti ń pòórá, ẹni tó rà á lówó gọbọi kàn ń mu ọtí kíkan lásán ni. Bó bá jẹ́ Gueuze ni wọ́n fi pamọ́ síbi tó tutù tó ṣókùnkùn, oníbàárà ì bá gba èrè sùúrù wọn.