Títo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá nílé

Títo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá nílé jẹ́ iṣẹ́ títú ẹ́ńjìnnì Volkswagen Beetle palẹ̀ pátápátá, wíwọn àwọn ẹ̀yà rẹ̀, pípààrọ̀ èyí tó ti jẹ, àti títò wọ́n padà láìgbé ọkọ̀ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì. Àwọn Yorùbá ń pe ọkọ̀ yìí ní Ìjàpá nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó bí igbá ahun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ fún ẹni tí kò tú ẹ́ńjìnnì rí. Ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tí kì í gba àṣìṣe: bí a bá ti pa ìlàjì méjèèjì àpótí rẹ̀ dé, a kò lè tún ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe mọ́, àfi kí a tú gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ ní Ọ̀jọ́

Ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, tí a mọ̀ sí VON, wà ní ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀, láti inú àwọn ẹ̀yà tí a dì wá láti òkè òkun. Yàtọ̀ sí Ìjàpá, wọ́n to Passat, Audi 100 àti Igala, èyí tí í ṣe ọkọ̀ Brasilia ti orílẹ̀-èdè Bràsíl tí wọ́n fún ní orúkọ mìíràn ní Nàìjíríà. Irú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kan náà ni ó wà nínú Igala. Nígbà tó yá, Volkswagen ti Jámánì fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n “Volks” ni àwọn awakọ̀ àti èrò ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń to ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní Ìbà tàbí Òkókómáíkò lónìí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti to irú ọkọ̀ náà rí.

Ìjàpá tó lé ní mílíọ̀nù 21 ni a ṣe káàkiri àgbáyé. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ ọdún 2003. Láti ìgbà náà, kò sí tuntun mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí a bá bàjẹ́ nítorí àìmọ̀ ti dín iye tó ṣẹ́kù kù.

Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe rí

Franz Xaver Reimspiess, onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá Ferdinand Porsche ṣiṣẹ́, ni ó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà ní àwọn ọdún 1930. Ó ní sìlíńdà mẹ́rin tí wọ́n dùbúlẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Kò ní rédíétọ̀, kò sì ń lo omi. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Oríṣi tí a máa ń rí jù ni 1200 (1,192 cc), 1300 (1,285 cc), 1500 (1,493 cc) àti 1600 (1,584 cc).

Láti inú ẹ́ńjìnnì yìí ni a ti mú ti ọkọ̀ eré Porsche 356 jáde ní ọdún 1948, òun náà ni ó sì wà nínú Karmann Ghia tó jáde ní ọdún 1955. Ẹni tó bá fi Ìjàpá kọ́ṣẹ́ ti mọ ìpìlẹ̀ àwọn ọkọ̀ eré àtijọ́ wọ̀nyí.

Ohun méjì ni ó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nílé. Èkíní, bóòtì mẹ́rin péré ni ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bí kílò 110 lọ. Èkejì, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró: bí ó bá jẹ, a ó yọ ọ́, a ó sì fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìn rẹ̀.

Àyẹ̀wò kí a tó tú u

Kí ẹ́ńjìnnì tó kúrò lára ọkọ̀, a máa ń di púlì ńlá ìsàlẹ̀ mú, a ó tì í síwájú, a ó sì fà á sẹ́yìn. Àyè ìlọsíwá-sẹ́yìn tí olùṣe rẹ̀ là sílẹ̀ fún kíránkì, irin tí ń yí gbogbo ẹ́ńjìnnì, jẹ́ mìlímítà 0.07 sí 0.13. Ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Bí púlì bá ń lọ tó ń bọ̀ tí ó sì ń dún, bẹ́ẹ̀rìnnì tàbí àpótí ti jẹ, pípààrọ̀ ríìngì nìkan kò sì ní wo ẹ́ńjìnnì náà sàn.

Títú àti fífọ̀

A ó kọ́kọ́ tú bátìrì, a ó dí ọ̀nà epo bẹntiróòlù, a ó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí ìdúró tó lágbára. A kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáákì nìkan ni ó gbé e. Epo tó bá jáde kò gbọdọ̀ dà sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, nítorí pé ilẹ̀ Ọ̀jọ́ jẹ́ oníyanrìn, kò sì pẹ́ kí epo tó dé inú kànga.

Yanrìn kan náà ni ọ̀tá bẹ́ẹ̀rìnnì. Orí sìmẹ́ǹtì tí a ti gbá ni a ti ń tú ẹ́ńjìnnì, a ó sì fi aṣọ bo ohun tí a bá ti fọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀: písítìn kìíní gbọdọ̀ padà sí sìlíńdà kìíní bí a bá fẹ́ tún un lò. Nítorí náà ni a fi ń kọ nọ́ńbà sí i, tí a sì ń ya fọ́tò rẹ̀.

Wíwọn

Ibi tí olùkọ́bẹ̀rẹ̀ ti sábà máa ń kánjú nìyí, ibẹ̀ náà sì ni a ti ń mọ ẹ́ńjìnnì tí yóò pẹ́. Ìka ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Máíkírómítà ni ó lè mọ̀ ọ́n. Bí kíránkì bá ti jẹ, iṣẹ́ ilé ti parí níbẹ̀: a ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ irin, a ó sì ra bẹ́ẹ̀rìnnì tó bá ohun tí wọ́n lọ kúrò mu, ìyẹn 0.25, 0.50 tàbí 0.75. A kì í ra bẹ́ẹ̀rìnnì kí a tó wọn kíránkì. Ìkìlọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ bí ASPAMDA tó wà nínú ọgbà Trade Fair, níbi tí tuntun àti tòkunbọ̀ ti wà papọ̀.

Ríìngì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá tì í sínú sìlíńdà, àlàfo ẹnu ríìngì méjì òkè gbọdọ̀ wà láàárín mìlímítà 0.30 sí 0.45.

Títò ó padà

Àmì ojú méjì wà lára gíyà kíránkì, ọ̀kan sì wà lára ti kámùṣáàfù. Eyín tó ní àmì kan gbọdọ̀ wọ àárín àmì méjì náà. Ihò tó wà lára bẹ́ẹ̀rìnnì ńlá kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ jókòó sórí ìṣó rẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, tí a sì fi agbára dé àpótí, kíránkì yóò há, bẹ́ẹ̀rìnnì yóò sì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń yí kíránkì lẹ́yìn gbogbo nọ́ọ̀tì tí a bá mú le. Bí ó bá ṣòro yí, a ó dúró, a ó tú u, a ó wo inú rẹ̀.

Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín ìlàjì méjèèjì. Gọ́ọ̀mù tín-ín-rín ni a ń fi sí i. Nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́fà àpótí ń gba Nm 34. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà láàárín fíláwíìlì ń gba nǹkan bí Nm 300, ó sì ń béèrè irin gígùn. Ọfà orí písítìn kọjú sí fíláwíìlì. Àyè fáàfù jẹ́ mìlímítà 0.15, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Títan án

Lítà 2.5 ni ọ́ìlì rẹ̀. A ó yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sì fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí a tó jẹ́ kí ó gbiná. Ìtò tí iná ń gbà wọ inú sìlíńdà ni 1-4-3-2. Gbogbo páànù tí ń darí atẹ́gùn gbọdọ̀ padà sí àyè rẹ̀, nítorí pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Àgbádárìgì, atẹ́gùn fáànù nìkan ni ẹ́ńjìnnì náà gbójú lé. Bí bẹ́líìtì bá já, pípa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ ni ó lè gbà á là. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500, a ó pààrọ̀ ọ́ìlì, a ó sì tún àyè fáàfù wọ̀n.