Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Pẹlẹbẹ: Kí Oúnjẹ Alẹ́ Yá, Kí Ó sì Jinná

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú lálẹ́ òní lè dàbí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán, ṣùgbọ́n bàbá tàbí ìyá tí ó ti ẹnu iṣẹ́ dé ní agogo 7 alẹ́, tí ebi sì ti ń pa àwọn ọmọ nílé, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ a lè dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní tútù, láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, kí ó jinná ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 6, kí ó má sì kó àrùn bá ẹnikẹ́ni? Èsì mi ni pé ó ṣeé ṣe, bí ẹran náà bá fẹ́lẹ́. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà láyè láti jẹ ẹlẹ́dẹ̀, pàápàá àwọn Mùsùlùmí, lè fi àyà adìyẹ lo ọgbọ́n kan náà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jinná dénú.

Nínú èdè Yorùbá, a kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí iná ń ṣe sí oúnjẹ. À ń se ọbẹ̀, à ń sun iṣu, à ń yan ẹja, à ń bọ ẹran, à ń dín àkàrà. Bí ó bá sì di ti ẹran, àṣà wa ni pé kí a kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata kí a tó dín in. Ìdí wà fún un. Egungun àti iṣan máa ń pọ̀ nínú ẹran tí a ń rà, omi gbígbóná ni ó sì ń mú wọn rọ̀. Ẹ̀rù aràn tún wà níbẹ̀, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe asán. Ọmọ aràn pẹlẹbẹ tí à ń pè ní Taenia solium a máa fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ibùgbé. Ẹni tí ó bá jẹ ẹran náà láìjinná, aràn a dàgbà nínú ìfun rẹ̀. Bí ẹyin aràn yìí bá ti ara ìgbẹ́ onítọ̀hún dé inú omi tàbí oúnjẹ, tí ẹlòmíràn sì gbé e mì, ọmọ aràn lè dé inú ọpọlọ, kí ó sì fa wárápá.

Àwọn ará Austria àti Jámánì ní tiwọn ní oúnjẹ kan tí wọn kì í kọ́kọ́ bọ ẹran rẹ̀ kí wọ́n tó dín in. Wọ́n ń gé e pẹlẹbẹ, wọ́n ń lù ú kí ó fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń dín in ní tútù. Schnitzel ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ègé kékeré. Ti ọmọ màlúù nìkan ni a lè pè ní Wiener Schnitzel láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tí ń tà á gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni fífẹ́lẹ́ ń ṣe fún ẹran? Ooru kì í dé àárín ẹran lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí ègé kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, àkókò tí ooru yóò fi dé àárín rẹ̀ yóò tó ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ni ègé tí kò nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ fi ń jinná dénú kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jóná. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kò ní ọ̀rá púpọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù lórí iná, fọ́nrán rẹ̀ a súnkì, a fún omi inú rẹ̀ jáde, ẹran a sì le bí awọ.

Báyìí ni kí a ṣe é. Ẹ yẹ ẹran náà wò kí ẹ tó rà á; bí ẹ bá rí ohun funfun bí hóró ìrẹsì nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Kí ọ̀bẹ dábùú fọ́nrán ẹran nígbà tí ẹ bá ń gé e. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ bò ó, ẹ fi ìgò tàbí ọmọ odó kékeré lù ú jẹ́jẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí gbogbo ara rẹ̀ lè dọ́gba. Bí ọ̀rá bá yí etí rẹ̀ ká, ẹ fi ọ̀bẹ là á ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹran má bàa kákò. Ẹ nu omi ara rẹ̀ gbẹ, nítorí bí omi kò bá tíì tán lára ẹran, ẹran kò lè pọ́n. Ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i, ẹ yí i nínú ìyẹ̀fun, ẹ rì í sínú ẹyin tí a ti pò, kí ẹ sì yí i nínú ẹ̀rún búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tí ó kan ẹran tútù.

Kí òróró gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rún búrẹ́dì yóò fi hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀. Ègé méjì péré ni kí ẹ dín lẹ́ẹ̀kan; bí wọ́n bá há mọ́ra, òróró a tutù, ẹran a sì mu ún yó. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 tó fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 3.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó jinná? Ní 2011, ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ti ìjọba Amẹ́ríkà mú ìwọ̀n ooru tí ó yẹ kí ó dé àárín ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá sílẹ̀ láti 71 sí 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3. Ti ẹran lílọ̀ ṣì wà ní 71. Lójú tèmi, níbi tí kò bá ti dá wa lójú pé àwọn wolé-wolé yẹ ẹran wò, 71 ni kí a dì mú. Bí kò bá sí ohun tí a fi ń wọn ooru, ẹ gé ègé tí ó nípọn jù lọ wò: kí pupa má ṣẹ́kù nínú rẹ̀, kí omi rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oúnjẹ yìí yá lórí iná nítorí pé a ti lo sùúrù nídìí ọ̀bẹ. Bí a bá gé e nípọn, tí a sì tún ń kánjú, àwọn ọmọ wa ni yóò jìyà rẹ̀.