Obìnrin ní Ilẹ̀ Dàhòmì Àtijọ́

Orúkọ Mawu kò ṣàjèjì sí àwọn Ègùn. Ní Dàhòmì àtijọ́, obìnrin ni Mawu í ṣe, Lisa sì ni ìkejì rẹ̀ ọkùnrin. Hwanjile, ìyá Ọba Tegbesu, ni ìtàn sọ pé ó mú ìsìn wọn wọ Abomey. Obìnrin wà nínú ogun tí ó kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, ẹnu sì ya àwọn Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa jẹ: aya ọba ni a ka àwọn jagunjagun wọ̀nyí sí, wọn kò gbọdọ̀ mọ ọkùnrin mìíràn. Bí ọba bá sì wàjà, a máa ń pa nínú àwọn ayaba kí wọ́n lè bá a lọ. Irú ọlá wo nìyẹn?