Oṣù Kẹjọ Kì Í Ṣe Oṣù Erin: Kí Ará Ìkọ̀lé Tó Lọ sí Yankari

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọwọ́ tẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ apániláyà Ansaru, tí orúkọ igbó ẹranko Kainji sì gba ẹnu ìròyìn kan, ìbéèrè kan náà làwọn tó fẹ́ lọ wo ẹranko ń bi ara wọn: ibo ni kò léwu? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí wọn kì í sábà bi, òun ló sì máa ń pinnu bóyá ẹni tó gbéra láti Ìkọ̀lé tàbí Ìdó yóò fojú kan erin rárá: oṣù wo ló fẹ́ lọ?

Oṣù Kẹjọ ló máa ń yá lẹ́nu jù. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, òjò sì ti dẹwọ́ díẹ̀. Lágbègbè Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, àwọn àgbẹ̀ ti ń ká àgbàdo àkọ́kọ́, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fi ojú ọjọ́ Èkìtì wo ti Yankari, igbó ẹranko tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi, yóò ṣì í. Oṣù Kẹjọ gan-an ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run Nàìjíríà. Ọ̀kan ń fẹ́ bọ̀ láti orí Òkun Àtìláńtíìkì, omi ló rù. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbígbẹ ni, òun la mọ̀ sí ọyẹ́. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kìíní, ó ti sún mọ́ etíkun níhà gúúsù. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun ti tì í kọjá ààlà Nàìjíríà lọ sí Niger. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé òjò kì í pọ̀ lójú ibi ìpàdé náà. Ẹ̀yìn rẹ̀, níhà gúúsù, lòjò ńlá ń rọ̀ sí, ibi tó bá sì sún sí lòjò náà ń bá a lọ. Nítorí náà, nígbà tó bá gòkè tán ní oṣù Kẹjọ, òjò ńlá ti bọ́ sórí Bauchi, Èkìtì sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn, lábẹ́ ìkuukùu tó ṣú àmọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Omi Òkun Guinea pẹ̀lú máa ń tutù láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ìyẹn náà sì ń dín òjò gúúsù kù. Nígbà tí òjò ńlá bá ń padà bọ̀ wálẹ̀ ni oko Èkìtì tún ń rin gbingbin.

Kí ni èyí kan erin?

Yankari kì í ṣe ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí kìnnìún ń gbé inú àgò. Igbó tó fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin ni, wọ́n sì ti ṣí i fún àlejò láti ọdún 1962. Nígbà òjò, kòtò gbogbo ló lómi, koríko ga bo èèyàn, ọkọ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀. Erin, tó lè mu ju 100 lítà omi lọ lójúmọ́, ń rí omi níbi gbogbo, kò nídìí tó fi gbọ́dọ̀ wá sódò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń jáde kúrò nínú igbó lọ ba oko àwọn ará abúlé jẹ́. Lẹ́yìn oṣù Kẹwàá, òjò dá, àwọn kòtò wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi di pé odò Gaji àti àbàtà rẹ̀ ló ku omi. Ní oṣù Kejì, dandan ni kí erin wá síbẹ̀, àlejò ò sì ní láti wá wọn káàkiri.

Iná náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nínú igbó ẹranko ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dáná sun koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, kí iná lè yára kọjá láìpa igi. Kò ní pẹ́ tí ọ̀mùnú koríko yóò fi yọ láàárín eérú dúdú, tí ìrá àti àgbọ̀nrín yóò sì tọ̀ ọ́ wá. Bí iná bá pẹ́ di oṣù Kẹta, igi ni yóò jó.

Àwọn erin Yankari kò ju bí 100 lọ, síbẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù tó ṣẹ́ kù lójú kan ní Nàìjíríà. Kìnnìún ò tó nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ lọ. Omi gbígbóná Wikki tó wà nínú igbó náà kì í yẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 31 lórí Celsius ni, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti ewu, ó dà bí ẹni pé kí a ṣì fi Kainji sílẹ̀ ló dára jù báyìí. Igbó ẹranko Pendjari ní Benin náà ti le: ọmọ ogun 54 ni ìjọba wọn ní ó kú nínú ìkọlù oṣù Kẹrin ọdún 2025 ní agbègbè Pendjari àti igbó ẹranko W. Ojú ọ̀nà náà ò ṣeé fojú di. Àríwá Èkìtì ò tíì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí àwọn agbébọn ṣekú pa ọba méjì, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ láti ìpàdé. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó wọ bàálù láti Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin lọ sí Abuja, ó jọ pé ó sàn ju kí ó gba Òmùò àti Kàbbà lọ lórí ilẹ̀. Kí ó sì kọ́kọ́ bi àwọn alákòóso Yankari bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ náà.

Àwọn ilé ìwé tó ń fi ìrìn-àjò báyìí sí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè gbé e wá sí ìsinmi Àjíǹde, tó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin. Òjò sábà máa ń tó oṣù Karùn-ún kó tó fìdí múlẹ̀ ní Bauchi, nítorí náà erin á ṣì wà létí Gaji.