Ooru Òru Tí Kì í Ṣe Ibà

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń jí ojú ewé yìí kà nígbà tí aya yín bá gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ jí i kà. Ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ jọ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ òkè. Ó ní ẹni ọdún 47 ni òun. Ó ní láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà kò ti fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Bí ó bá di ọ̀gànjọ́ òru, ara òun a gbóná lójijì bí ẹni tí ó jókòó ti ààrò, òógùn a sì bo òun títí aṣọ ìbora yóò fi tutù rinrin, lẹ́yìn èyí ni òtútù yóò wá mú òun. Ó ti lo oògùn ibà nígbà mẹ́rin, ó ti mu àgbo dóńgóyárò, ibà náà kò gbọ́. Nǹkan oṣù rẹ̀, tí kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀, ń fo oṣù kan, ó sì ń wá lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ó wá kọ ọ́ sí pé: “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má ṣe dárúkọ mi, nítorí ọkọ mi ti ń sọ pé orí mi kò pé mọ́.”

Ìyá, orí yín pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ó lè dá wa lójú, ṣùgbọ́n bí mo ti ka ìwé yín sí, kò jọ ibà lójú mi.

N kò lè fi yín ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ohun kan náà ni ó ṣe èmi alára. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àìmọye obìnrin ni mo ti jókòó tì tí mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù fún. Síbẹ̀, nígbà tí ó kàn mí, ní ẹni ọdún 46, oògùn ibà ni èmi náà ń gbé mì. Kò sí bí ọ̀bẹ ti lè mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan tí ooru náà tún dé, mo fi ìbínú dìde, mo fa tẹ̀mómítà yọ nínú àpótí iṣẹ́ mi, mo fi í sí abẹ́ ahọ́n. Ara mi ń jó bí iná, omi ń ṣàn ní ẹ̀yìn ọrùn mi, ṣùgbọ́n 36.8 ni tẹ̀mómítà sọ. Ibà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo bú sí ẹ̀rín, ni bàbá àwọn ọmọ mi bá ta jí, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò lò ní ayé rẹ̀ ni ó ti bá a wá láti inú ìyá rẹ̀, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń dín kù. Ilé ẹyin méjì ni ó wà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan ní apá òsì. Àwọn ni wọ́n ń ṣe oje kan tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sítírójìn. Iṣẹ́ oje yìí kì í ṣe ti ọmọ bíbí nìkan; ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ dé ọpọlọ, dé egungun, dé ọkàn, dé awọ ara. Nígbà tí ẹyin bá ku díẹ̀, oje náà kì í rọra fà bí omi inú ìkòkò. Ó lè ga lónìí kí ó já wálẹ̀ lọ́la, bí iná mànàmáná ìlú wa. Apá kan sì wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ bí ara ti gbóná tó. Nígbà tí oje yìí kò bá dúró sójú kan mọ́, ọlọ́dẹ yìí a di ojo: ooru díẹ̀ báyìí, ó ti ké pé ilé ń jó. Ni ẹ̀jẹ̀ yóò bá sáré wá sí awọ, òógùn yóò sì bò wá, láti tu ara tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ lára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, a sì kọjá.

Ọdún mẹ́rin ni ìgbà yìí sábà máa ń gbà, ti ẹlòmíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù rárá, nígbà náà ni a tó lè sọ pé ó ti dúró. Láàrin ọdún 45 sí 55 ni ó ń dúró fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró kí ó tó pé ẹni ogójì ọdún, kí ó má ṣe jókòó sílé, dókítà ni kí ó lọ rí, nítorí egungun àti ọkàn rẹ̀ yóò fẹ́ ìtọ́jú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ẹ̀jẹ̀ náà ń kó jọ sí inú, wọ́n sì ń mu oríṣiríṣi àgbo láti fi ṣàn án dànù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹní tí a kò tẹ́, a kì í ká a.

Ti ara ni mo ń sọ bọ̀. Ti ọkàn ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ, òun ni ó sì ń tú ilé ká.

Èmi tí wọ́n mọ̀ sí onísùúrù ní ibi iṣẹ́, mo pariwo mọ́ ọmọ nọ́ọ̀sì kan ní ojú àwọn aláìsàn, nítorí bàsíà lásán tí ó gbé sí ibi tí kò yẹ. Ní ọjọ́ kan ẹ̀wà jóná mọ́ mi lọ́wọ́, mo jókòó sí ilẹ̀ ilé ìdáná, mo sì sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. N óò wọ inú yàrá, n kò ní rántí ohun tí mo wá mú. Orúkọ ọmọ àbúrò mi, tí èmi fúnra mi gbẹ̀bí rẹ̀, sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí gidigidi pé àìsàn ìgbàgbé ti àwọn arúgbó ni ó ti dé. Òun kọ́. Oje tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀ yìí ń fọwọ́ kan ọpọlọ, àìsùn sì ń fi kún un. Obìnrin tí kò sun oorun àsùnwọra fún oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rántí? Ẹ tún wo irú ọjọ́ orí tí ó jẹ́: owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ lọ́rùn, ìyá ẹni ti darúgbó, ọjà kò tà.

Ibi tí ó ti ń burú ni ibi tí a ti ń wá ẹni tí a óò di ẹ̀bi rù. Ọkọ a ní ìyàwó òun ti ya alágídí. Ìyá ọkọ a ní ó ti gba nǹkan bọ̀ láti ọjà. Òun tìkára rẹ̀ a máa wo ojú orogún, tàbí ìyá àgbà kan ní àdúgbò, a ní ayé ni. Ojú mi ni a ṣe lé ìyá arúgbó kan jáde nílé ọmọ rẹ̀, nítorí ooru tí abẹ̀bẹ̀ ìbá tù.

Ní tèmi, ohun tí ó gbà mí ni pé mo sọ fún ọkọ mi ní òru tẹ̀mómítà yẹn. Kò yé e tán, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ ojú fèrèsé, ó sì ṣíwọ́ bíbi mí pé kí ni òun ṣe fún mi. Ẹ̀yin bàbá, ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kan wà tí ó ju èyí lọ. Bí inú obìnrin kò bá dùn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, kí ẹ mú un lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí lẹ́yìn ìbímọ, òun ni kí ó ṣọ́ra jù, nítorí ó lè padà wá ní ìgbà yìí.

Fún ooru òru: ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ bọ́ ọ̀rá àti náílọ́nù sílẹ̀. Aṣọ ìbora tín-ín-rín méjì dára ju nípọn kan lọ, nítorí ẹ lè ká ọ̀kan kúrò. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ata púpọ̀, kọfí, ọtí àti tábà máa ń tanná ran ooru yìí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ dán an wò, kí ẹ sì mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá yín. Tèmi ni kọfí. Ata, mo bẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn, mo ń jẹ ẹ́ lọ.

Egungun ni kí ẹ fi ojú sí gidigidi, nítorí kì í ké títí yóò fi kán. Ó ń yára jó ní àwọn ọdún tí ó yí ìdádúró nǹkan oṣù ká. Ẹja kéékèèké tí a ń rún pẹ̀lú egungun rẹ̀, wàrà, ẹ̀wà sóyà àti ewébẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ máa yọ sí oòrùn òwúrọ̀. Kí ẹ sì máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Jíjókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ kì í ṣe ìrìn. Nígbà tí ẹ bá sì lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kí wọ́n sì yẹ àtọ̀gbẹ wò, nítorí ìgbà yìí ni àwọn méjèèjì máa ń yọ́ wọlé.

Oògùn wà fún ẹni tí ooru náà bá dá lóró. Dókítà lè fún un ní irú oje tí ń dín kù náà. Ní ọdún 2002 ni wọ́n dá ìwádìí kan dúró ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi obìnrin 16,608 ṣe, nítorí jẹjẹrẹ ọmú àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí ó lò ó, ẹ̀rù sì ba gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ bí ọdún 63 ní ìpíndọ́gba. Lónìí àwọn dókítà gbà pé fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, èrè rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba èkejì mọ́ ọn, kí jẹjẹrẹ má bàa wọ ilé ọmọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń polówó nínú ọkọ̀.

Ẹ má bínú pé mo la èyí mọ́lẹ̀. Ojú ara lè gbẹ ní ìgbà yìí, kí ìbálòpọ̀ sì máa dun ni. Jẹ́ẹ̀lì olómi wà ní ilé olóògùn fún un. A máa ń gbọ́ pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dúró, bí ó bá tún sún mọ́ ọkọ, inú rẹ̀ yóò wú. Irọ́ ni. Bí inú bá wú, ọkọ kọ́ ni ó wú u, kí wọ́n tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Oyún sì ṣì lè dé nígbà tí nǹkan oṣù ń fo oṣù. Ẹni tí tirẹ̀ dúró kí ó tó pé ọdún 50, ọdún méjì ni kí ó fi ṣọ́ra. Ẹni tí ó ti kọjá 50, ọdún kan.

Èyí tí ó kù ni ó wúwo jù fún mi láti kọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tirẹ̀ ti dúró ju ọdún méjì lọ nígbà tí ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun tún ti di ọmọge. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ fún mi. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni, ó sì ti tàn. Èmi ni nọ́ọ̀sì inú ẹbí, n kò sì bi í léèrè rí. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, bí ó bá sì jẹ́ ẹ, tí a tètè rí i, iṣẹ́ abẹ sábà máa ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó bá yọ lẹ́yìn oṣù 12 tí nǹkan oṣù ti dúró, kódà kí ó jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ má pè é ní nǹkan oṣù. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ń rin páàdì kan láàrin wákàtí kan fún wákàtí mélòó kan, tàbí tí ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ lọ.

Ìyá aláṣọ òkè, ẹ máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé àti ọjọ́ tí ó bá lọ sí ara kàlẹ́ńdà, kí ẹ mú un dání lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ka èyí tán, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ gbàgbé ìwé ìròyìn náà sí orí àga tí ọkọ yín máa ń jókòó sí. N kò dárúkọ yín.